Kòkòrò Tó Ń Sùn De Oògùn

Ní ìlú Ute, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, níbi tí wọ́n bí mi sí, kò sí ọmọdé tí kò mọ ìgbín. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, a ó gbé tọ́ọ̀ṣì, a ó wọ inú oko kòkó, a ó sì máa ṣà wọ́n lórí ewé tó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, ìgbín a dàwátì. Kì í ṣe pé wọ́n kú. Wọ́n ti wọ abẹ́ ewé lọ, wọ́n ti fa ara wọn sínú ìkarahun, wọ́n sì ti fi ohun funfun kan tó dà bí ẹfun dí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò ní jẹ, wọn kò ní rìn, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mo mì ín, kò mira. Mo ní ó ti kú, mo fẹ́ sọ ọ́ nù. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sínú abọ́ omi. Kí a tó jẹun alẹ́ tán, ìgbín náà ti yọ ìwo rẹ̀, ó ti ń gun etí abọ́. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ohun tó sùn àti ohun tó kú, wọ́n máa ń jọra lójú ọmọdé."

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa padà wá bá mi. Àròkọ yìí dá lórí ìtàn bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe wá mọ̀ pé àwọn kòkòrò àrùn kan ń ṣe bí ìgbín inú ọyẹ́: nígbà tí oògùn bá dé, wọ́n ti sùn, nígbà tí oògùn bá lọ, wọn a jí. Ìtàn náà ti ń lọ sí àádọ́jọ ọdún. Mo yàn án nítorí pé ó wọ ilé wa, àti pé mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Kòkòrò tí mò ń sọ kì í ṣe eèrà tàbí ẹ̀fọn. Bakitéríà ni, ohun abẹ̀mí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, àfi pẹ̀lú máíkírósíkópù. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe wá ní ibi. Ẹ jẹ́ ká wo irú tí à ń fi sí ọbẹ̀. Àwọn ìyá wa á se hóró rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì dì í pa mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti rọ̀, ó ti ń fa okùn, òórùn rẹ̀ sì ti gba ilé kan. Bakitéríà ìdílé Bacillus ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdílé yìí gan-an ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1876, Ferdinand Cohn, onímọ̀ kan ní Jámánì, ń se omi tí ó rẹ koríko gbígbẹ sí. Ó hó o dáadáa, síbẹ̀ bakitéríà tún hù nínú omi náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máíkírósíkópù wò ó, ó rí i pé bí ayé bá le fún bakitéríà náà, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di kóró kékeré kan tó le koránkorán. Omi híhó kì í pa kóró yìí. Bí ara bá tù ú, yóò hù padà bí àgbàdo. Ní ọdún kan náà, Robert Koch fi hàn pé kòkòrò tó ń fa àrùn anthrax lára màlúù náà ń di irú kóró bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1877, John Tyndall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọgbọ́n tí a lè ta sí i. Ó ní ká hó omi náà, ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kóró tó wà nínú rẹ̀ lè hù, ká tún un hó, ká sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó bá ti jí ni iná lè pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọgbọ́n Tyndall yìí, nítorí a óò tún padà bá a pàdé.

Ní 1928, Alexander Fleming rí i ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù pé èbu kan tó hù sínú àwo ìwádìí rẹ̀ ń pa bakitéríà tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tó ti ara èbu náà jáde ló pè ní penicillin. Ó tó ọdún méjìlá kí Howard Florey àti Ernst Chain tó rí i sọ di oògùn ní Oxford. Ní oṣù Èrèlé 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, tí egbò ti ba ojú àti ara rẹ̀ jẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣùgbọ́n penicillin tí wọ́n ní kò pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń yọ èyí tó bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde kí wọ́n lè tún un fún un. Nígbà tí oògùn tán, àrùn náà padà dé, ó sì kú ní oṣù Ẹrẹ̀nà. Kò sí ẹni tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Oògùn ni kò sí. Àwa tí oògùn wà lọ́wọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó bá wí.

Kí ló dé tí penicillin fi ń pa kòkòrò? Bakitéríà ní ògiri yí ara rẹ̀ ká. Bó bá ń dàgbà, ó gbọ́dọ̀ máa mọ ògiri tuntun sí i. Penicillin máa ń dí i lọ́wọ́ ògiri mímọ yìí, ara rẹ̀ á sì bẹ́. Ẹ rò ó wò pé ẹnì kan ba gbogbo amọ̀ tó wà ní ìlú jẹ́. Ilé ẹni tó ń mọlé lọ́wọ́ yóò wó. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan ńkọ́? Kò ní mọ̀ pé amọ̀ bàjẹ́. Ní 1942, obìnrin onímọ̀ kan, Gladys Hobby, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bakitéríà tó ń dàgbà nìkan ni penicillin ń pa, àti pé nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 ń ṣẹ́ kù.

Ẹni tó tú àṣírí náà ni Joseph Bigger, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Trinity College, Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ó da penicillin sórí bakitéríà tó ń fa eéwo. Ó kíyè sí i pé omi inú ìgò mọ́ kedere, bí ẹni pé gbogbo wọn ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó tọ́jú ìyókù dáadáa, díẹ̀ nínú wọn hù padà. Nínú mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ẹyọ kan ni. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá rò ni pé àwọn yìí lágbára ju oògùn lọ. Bigger kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mú àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ó tún da penicillin náà sórí wọn, wọ́n sì kú bí àwọn baba wọn ṣe kú, àfi díẹ̀ tó tún ṣẹ́ kù. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bá oògùn jà. Wọ́n kàn wà ní ipò ìsinmi nígbà tí oògùn dé ni. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1944, ó sì fún wọn lórúkọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí àwọn tó dúró pẹ́. Ó tún dábàá pé ká máa fúnni ní oògùn, ká dáwọ́ dúró kí àwọn tó sùn lè jí, ká sì tún fúnni. Ọgbọ́n Tyndall nìyẹn.

Ó yẹ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí àwọn àgbà pàápàá máa ń pa wọ́n pọ̀. Kòkòrò kan wà tí oògùn kò ràn mọ́: ìṣẹ̀dá rẹ̀ ti yí padà, ó lè máa dàgbà nínú oògùn bí ẹja nínú omi, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jogún rẹ̀. Òmíràn wà tó kàn sùn ni: kò lè dàgbà nínú oògùn, ṣùgbọ́n kò kú. Ti àkọ́kọ́ dà bí olè tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ti èkejì dà bí olè tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọdẹ fi lọ sùn. Wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n èkejì lè di àkọ́kọ́ lọ́la, nítorí ẹni tí kò kú ló lè kọ́ ọgbọ́n tuntun.

Àrùn tí ìwà yìí ti dá lágara jù lọ ni ikọ́ ife. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ẹrẹ̀nà 1882 ni Robert Koch kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí ikọ́ ife ní ọjọ́ náà. Kòkòrò yìí lọ́ra. Bakitéríà inú ìfun lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ti ikọ́ ife máa ń gbà tó ọjọ́ kan. Bó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọ ogun ara wa á yí i ká, wọ́n á sé e mọ́. Níbi tí wọ́n sé e mọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ kò tó, oúnjẹ kò tó, kòkòrò náà á sì fa ara rẹ̀ sínú, á dákẹ́. Ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni kòkòrò yìí ti wọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní ṣàìsàn rẹ̀ láéláé.

Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà èwe àwọn, ẹni tó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ahéré oko ni wọ́n máa ń mú un lọ, oúnjẹ rẹ̀ á sì máa wà lọ́tọ̀. Lásìkò yẹn náà ni oògùn ń yọ jú lókèèrè. Ní 1943, Albert Schatz rí streptomycin nínú yàrá ìwádìí Selman Waksman ní New Jersey. Ní 1952, isoniazid dé. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ní 1956, Walsh McDermott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cornell, New York, fi oògùn méjì tọ́jú àwọn eku tó ní ikọ́ ife fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n wá kòkòrò náà kiri inú ara wọn, wọn kò rí ẹyọ kan. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n sì fi àwọn eku náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àìsàn náà tún yọ lára apá kan nínú wọn. A wá a, a ò rí i. Síbẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún alárùn ikọ́ ife ní oògùn fún bí ọdún kan ààbọ̀ nígbà náà. Ta ni yóò lò ó tán? Láti 1970, ní Kenya, Uganda, Tanzania àti Zambia, àwọn oníṣègùn ibẹ̀ àti àwọn ará Britain bíi Wallace Fox àti Denis Mitchison dán ìtọ́jú oṣù mẹ́fà wò. Wọ́n rí i pé bí rifampicin tàbí pyrazinamide bá wà nínú rẹ̀, àwọn tí àìsàn náà padà sí lára kò pọ̀. Oògùn méjì yìí ló mọ bí a ṣe ń bá kòkòrò tó ń tòògbé. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n tí gbogbo ayé ń lò dòní: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì láti pa àwọn tó ń sáré, lẹ́yìn náà oògùn méjì fún oṣù mẹ́rin láti dúró de àwọn tó sùn. Ní 1989, Nàìjíríà dá ètò ìjọba tó ń gbógun ti ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Níwọ̀n bí oṣù mẹ́fà ṣì gùn lójú ènìyàn, wọ́n ní kí ẹnì kan máa wo aláìsàn bó ṣe ń gbé oògùn mì, kó sì máa fàlà sí káàdì.

Ibí ni èmi ti wọ inú ìtàn. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ibà Lásà ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù bí ọyẹ́ bá dé. Nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ń wúkọ́, tí wọ́n ń làágùn lóru, tí ṣòkòtò wọn ń já, kò sí ẹni tó rántí ikọ́ ife. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nítorí pé mo mọ̀wé, èmi ni wọ́n yàn láti máa wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fàlà, ó sì ní ìtọ̀ wọn lè pupa, kí a má fòyà.

Oṣù méjì kọjá. Ikọ́ lọ, ẹran padà sára wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè iṣu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé oògùn àti omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Gbé e síbẹ̀. Ṣé o ò rí i pé ara mi ti yá ni? Oògùn yẹn máa ń rìn mí lọ́kàn, mi ò sì lè fi èébì kọ ebè."

Mo ní, "Bàbá Kékeré, nọ́ọ̀sì ní ó ku oṣù mẹ́rin."

"Ìwọ ṣáà fàlà sí i. Má dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti nọ́ọ̀sì."

Mo fàlà sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Mò ń gba oògùn oṣooṣù bọ̀, wọ́n ń kó o sínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn. Àgbà ni wọ́n, mo sì bẹ̀rù láti jiyàn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó tún rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò ní ìparí, wọn kò rí kòkòrò kankan. Gbogbo wa yọ̀. Mo rò pé Bàbá Kékeré ló jàre.

Ọyẹ́ tún dé, ikọ́ tún dé. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, náà ń wúkọ́, ó ń rù. Àyẹ̀wò fi hàn pé ikọ́ ife ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ yẹn ni mo sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì, tí mo ń sunkún. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́. Àmọ́, ọmọ mi, káàdì kì í gbé oògùn mì." Ó sì sọ pé Ọlọ́run ṣàánú wa, nítorí ẹ̀rọ fi hàn pé rifampicin ṣì ràn án. Kòkòrò tó padà dé kò tíì kọ́ bí a ṣe ń bá oògùn jà. Ó kàn sùn ni, a sì fún un láyè kó jí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kà pé ní 1983, Harris Moyed ní Amẹ́ríkà rí bakitéríà kan tí àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì rí ibi tí àṣẹ oorun náà wà nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e wá rí i pé bakitéríà máa ń ṣe májèlé àti ẹ̀rọ̀ rẹ̀ pa pọ̀ nínú ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ̀ bá dín kù, májèlé á mú kí iṣẹ́ inú ara rẹ̀ falẹ̀. Ebi, ooru àti wàhálà mìíràn náà lè mú un falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2004, Nathalie Balaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò bakitéríà sínú àwọn ojú ọ̀nà tóóró lábẹ́ máíkírósíkópù, wọ́n ń wo wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé èyí tó la oògùn já ti ń lọ́ra kí oògùn tó dé rárá. Bí àgbẹ̀ Ute ṣe máa ń tọ́jú èbù díẹ̀ sínú àká, kí ọ̀dá má bàa pa gbogbo iṣu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò gbọ́n bí ènìyàn, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá wọn ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó pẹ́.

Bàbá Kékeré tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo máa ń dúró títí wọ́n á fi la ẹnu kí n wò ó. Wọ́n bínú sí mi nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ kan, èébì ń gbé wọn gan-an, wọ́n sì wo ọmọ wọn tó ń gbé tirẹ̀ mì láìsọ̀rọ̀, wọ́n gbé e mì. Nínú oṣù Owérẹ, àwọn méjèèjì parí rẹ̀. Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé, ó sì ti sanra jù mí lọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Bí oníṣègùn bá ní oṣù mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kí ara tó yá ní oṣù kejì tàn yín. Kápúsù méjì-méjì tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò kò lè bá ẹni tó sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá sì fi yín ṣe ẹni tó ń wo aláìsàn, ẹ ranjú mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àgbà lè bínú sí yín lónìí. Yóò dúpẹ́ bó bá yá.

Káàdì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo àpótí rẹ̀ ló ní ìlà, kò sí ọjọ́ kan tó fò. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé ìtàn mi.